Ohun Tí A Kì í Wí Lórí Omi

"Ẹ kú iṣẹ́ omi, Ìyá Omílànà," ni ẹ̀rọ náà wí lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ohùn ẹni tó fi oyin fọ ẹnu. "Báwo ni omi?"

Mo pa ẹnu mọ́. Èmi o. Ọkọ mi máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀ pé bí òun bá kú, kí wọ́n sin òun jìnnà sí mi, kí etí òun lè sinmi. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ bí àpò gaàrí tí òjò pa, ìdí mi gba àyè ènìyàn méjì, ètè mi sì lẹ̀ mọ́ra wọn.

Ẹ̀rọ náà ń mì lórí ìgbì níwájú wa. Olùbéèrè là ń pè é. Ó pọ́n bí ọsàn, ó rí bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó sì ní ojú kan ṣoṣo, aláwọ̀ ewé, tí kì í ṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Odi Òkun wà, ògiri tí ìjọba mọ lẹ́yìn tí òkun gbé ilẹ̀ àwọn bàbá wa mì, tí kò sì jọ pé ó yó. Inú odi náà ni Ugbóléfòó, ìlú wa, ń léfòó sí lórí àwọn àgbá. Ilẹ̀kùn irin kan ni gbogbo wa ń gbà wọlé. Ọkọ̀ tó bá ti ojú òkun bọ̀, tí kò dá Olùbéèrè lóhùn, ìta ni yóò sùn.

"Ìyá, ẹ má tíì dáhùn," Dókítà Mórádékẹ́ wí láti iwájú ọkọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé o gbọ́ tí mo dáhùn ni?"

"Mo rí i pé ẹ la ẹnu."

"Èémí ni mo fẹ́ mí. Àbí ìjọba ti fòfin de ìyẹn náà?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ilé Ìwádìí ni Mórádékẹ́, láti ìlú òkè. Wọ́n rán an sí wa pé kó wá wo ohun tó ń ṣe edé. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó bì sí mi láṣọ nínú ọkọ̀ yìí kan náà, mo sì bú u débi pé àwọn ẹyẹ òkun fò dìde. Báyìí ó ti mọ àwọ̀n fà, ó sì ti mọ èébú wa, ó tilẹ̀ ń bú mi padà bí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́. Bí ó bá ti wá ń bẹ̀ mí báyìí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré.

Ọjọ́ Ẹ̀rí ni ọjọ́ náà. Apẹja kan, onímọ̀ kan, ọkọ̀ kan. Ohun tí ẹnu wọn bá jọ sọ níwájú Olùbéèrè, òun ni òfin omi fún ọdún méje. Bí ẹnu wọn kò bá dọ́gba, omi á wà bó ṣe wà. Ìlú ló yàn mí. Wọ́n ní èmi ni mo lẹ́nu jù. Ìyẹn náà ń dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀.

Láti àárọ̀ la ti ń fa àwọ̀n, eékún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ohun tí a rí kò tó fi se ọbẹ̀ aláìsàn: ọ̀rá, ewé jíjẹrà, ohun yíyọ̀ kan tó ń jó ni lára, àti ẹ̀kúnwọ́ edé kan. Abo ni gbogbo wọn, ẹyin so mọ́ wọn níkùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Mórádékẹ́ kó wọn sínú àpò rọ́bà pẹ̀lú omi òkun, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì tì í sábẹ́ pátákó ìjókòó kí oòrùn má bàa sè wọ́n láàyè.

Nígbà tí mo wà ní ìyàwó tuntun, agbọ̀n la fi ń bu edé níbẹ̀ yẹn. Mo máa ń yan án lórí ààrò títí èéfín fi wọ inú egungun mi. Ọkọ mi ní òun kò mọ̀ bóyá ìyàwó lòun fẹ́ àbí ilé ìyan-edé. Síbẹ̀ náà, ilé ìyan-edé ọ̀hún bí ọmọ mẹ́fà fún un.

"Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀," Mórádékẹ́ wí. Ó nawọ́, ó fọwọ́ kan orí ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń fọwọ́ ra ajá lórí. "Olùbéèrè, jẹ́ ká gbọ́ ìdáhùn àwọn ará Ugbóléfòó. Ti àtẹ̀yìnwá."

Ojú aláwọ̀ ewé náà tàn, ó dín. Lẹ́yìn náà ni ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

"Omi kún," ọkùnrin kan wí.

"Omi kún, a dúpẹ́," òmíràn wí, ó sì wúkọ́.

"Omi kún." "Omi kún." "Omi ń bẹ, ó kún."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ikọ́ ẹni tó wúkọ́ yẹn, ẹni tó jẹ mí ní àjẹ̀ ọkọ̀ títí tó fi kú. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé òun nìkan kọ́ ló kú. Ìdajì àwọn ohùn tó ń jáde látinú ìkòkò yẹn, àwọn tó ni wọ́n ti di ará ọ̀run, wọ́n ń kí wa lójú ọ̀sán lórí omi, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ohùn wọn tutù, ọ̀rọ̀ wọn ò yí padà.

"Omi kún dẹ́múdẹ́mú," ọkọ mi wí.

Mo di etí ọkọ̀ mú.

"Ọjọ́ tí ìjì gba àwọ̀n rẹ̀ nìyẹn," mo wí, nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀. "Mo mọ̀ ọ́n láti inú ohùn rẹ̀. Nǹkan kan ti há a. Òfìfo ọkọ̀ ló gbé délé lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀bà oníyọ̀ la jẹ sùn."

Mórádékẹ́ yíjú sí mi gbáà. "Kí ló wá dé tó fi sọ pé omi kún?"

"Kí ni kó sọ? A kì í wí lórí omi pé omi ṣófo. Ẹni tó bá wí i, òun ló sọ ọ́ dòfìfo. Bí wọ́n bá kí ọ pé ṣé àlàáfíà ni, ṣé ìgbẹ́ gbuuru tí ò ń ṣu ni wàá bẹ̀rẹ̀ sí í rò?"

"Gbogbo yín lẹ ń dáhùn bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ẹni tí wọ́n kọ́ nílé."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó tún ṣí i. "Ìyá, ẹ̀rọ yìí kò mọ ìkíni. Edé ló kà á sí. Gbogbo 'omi kún' tí ẹ sọ, ó ń fi ránṣẹ́ sókè pé edé pọ̀. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi kún àwọn wọ̀nyẹn."

N kò ní láti bi í pé àwọn wo. Wọ́n wà lẹ́yìn wa lójú òkun, àwọn ọkọ̀ amumi, wọ́n tò lọ bí òkè tí kò ní igi. Wọn ò ní fèrèsé. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì rí ènìyàn lórí wọn rí. Wọ́n ki ọ̀pá fífẹ̀ bọ omi bí ẹ̀fọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń fa omi òkun, wọ́n ń yọ iyọ̀ kúrò, wọ́n ń fi omi dídùn ránṣẹ́ sí ìlú ńlá gba inú ọ̀pá. Méjì péré ni wọ́n nígbà tí mo ṣì lè fò láti ọkọ̀ kan bọ́ sí èkejì. Ìró wọn kì í dúró. Ó máa ń wọ inú eyín ènìyàn.

"Ọmọ edé kò tó ẹyin iná orí," Mórádékẹ́ wí. "Kò lè wẹ̀ sá fún ohun tó ń fa omi. Wọ́n ń bá omi wọlé, wọn kì í sì í bá a jáde. Èyí tó kù nínú omi yìí, ẹ ti rí i lónìí."

"Nítorí náà, ẹnu wa ni."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo sọ ọ́. Àti ẹnu ọkọ mi."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i. Ikọ́ ló jáde.

Nígbà yẹn ni ọkọ̀ kan fara kan tiwa ní ẹ̀gbẹ́. Àwọn yòókù ti ń pé jọ sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ìlú wa tó jáde lọ́jọ́ náà, wọ́n ń dúró de ilẹ̀kùn. Olórí ọkọ̀ ló wà nínú èyí tó kàn wá, àbúrò ọkọ mi. Ó ti délé ayé kí n tó wọlé wọn, nítorí náà n kò lè pe orúkọ rẹ̀. Eyínafẹ́ ni mo sọ ọ́ nígbà tó ní eyín. Báyìí, ọ̀kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀, kò sì gbà kí n pààrọ̀ orúkọ náà.

"Ìyàwó," ó wí, "ṣé o ti sùn ni? Oòrùn ti ń dín wa lẹ́yìn yìí."

"Mò ń ronú, Eyínafẹ́."

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀? Sọ ohun tí à ń sọ, kí ilẹ̀kùn ṣí, ká lọ jẹun."

"O gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń sọ?"

"Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi." Ojú rẹ̀ fà ro. "Mo sì gbọ́ ohun tí Dókítà wí. Omi máa ń gbé ọ̀rọ̀. Ìyàwó, tí o bá wí ohun tí ń bẹ nínú rẹ, wọ́n á ti omi. Ẹni tí kò bá pẹja kò gbọdọ̀ gbé orí omi, o mọ òfin yẹn. Ilé Òkè ni wọ́n máa kó wa lọ. Ṣé o ti gbàgbé àwọn ará Ìdó-Iyọ̀ tí wọ́n kó kúrò lórí omi tiwọn?"

N kò gbàgbé. Mo ti lọ wò wọ́n ní Ilé Òkè, nínú àwọn ilé gíga tí wọ́n to ènìyàn sí bí ẹja gbígbẹ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ti wakọ̀ ojú òkun dé ibi tí a kì í ti í rí ilẹ̀. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ abọ́ omi. Wọ́n ní bó ṣe ń wà láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, bí wọ́n bá sì gbé abọ́ náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì.

"Dókítà," Eyínafẹ́ wí, "tí omi bá tì, àwọn ẹ̀fọn wọ̀nyẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n á dáwọ́ dúró?"

"Òfin ní omi á tì fún ọdún méje, bàbá. Bó bá tì, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Mo ti kà á."

"Ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti kà á?"

Olùbéèrè ló sọ̀rọ̀. "Ìyá Omílànà, ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí. Báwo ni omi?"

Mo wo ẹ̀yìn. Mo rí ojú àwọn ènìyàn mi nínú ọkọ̀ wọn. Àwọn kan nínú wọn, ọwọ́ mi ni mo fi gbẹ̀bí wọn, mo mọ̀dí wọn kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n fúnra wọn. Bí mo bá ní omi kún, a ó sùn sílé wa lálẹ́ ọjọ́ náà, àti lálẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, àwọn ọkọ̀ amumi á sì máa pọ̀ sí i títí àwọ̀n á fi máa gbé omi lásán. Lọ́jọ́ yẹn náà, wọ́n á ṣì kó wa lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò ní í sí ohun tí ẹnikẹ́ni á padà wá bá.

Mo ti sọ ìsọkúsọ púpọ̀ láyé mi. Mo ti fi ẹnu mi tú ìgbéyàwó, mo ti fi tún òmíràn so. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, ó wúwo ju bí a ṣe ń bímọ lọ. Ó ń bọ̀, ó ń padà.

"Omi ṣófo," mo wí. "Edé ń tán lọ. A ti ń purọ́ fún ọ, a kò mọ̀ pé ò ń gbà á gbọ́."

Mo gbọ́ bí àwọn tó wà lẹ́yìn mi ṣe tutọ́ sínú omi, kí ọ̀rọ̀ mi má bàa lẹ̀ mọ́ wọn. Ọkọ̀ tó sún mọ́ mi jù wa àjẹ̀ padà sẹ́yìn. Eyínafẹ́ nìkan ni kò kúrò. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Ẹ̀rí kan náà ni tèmi," Mórádékẹ́ wí. "Omi ṣófo."

"A ti gbọ́," Olùbéèrè wí. "A ti ti omi."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Jákèjádò odi, bí ojú ṣe lè rí i dé, iná pupa ń tàn tẹ̀lé ara wọn. Ilẹ̀kùn irin náà gbé ara rẹ̀ sókè, gbogbo wa sì rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ funfun ni, gígùn, aláìlórùlé, ìjókòó tò sínú wọn. Ẹ̀ṣọ́ dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé, àwọn wọ̀nyí mà yára o. Lẹ́yìn náà ni mo wo ìdí wọn. Ewé omi ti hù sí i, ó gùn bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sómi kì í hu irùngbọ̀n. Wọ́n ti so wọ́n mọ́ ibẹ̀, lẹ́yìn odi, bóyá láti ọjọ́ tí Mórádékẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ń dúró de ẹnu ẹnì kan.

"Gbogbo àwọ̀n di ti ìjọba," Olùbéèrè ń wí. "Gbogbo ohun tó ti inú omi wá di ti ìjọba: ẹja, edé, àpò ìwádìí. Ẹ̀ṣọ́ yóò gbà á, yóò sì dà á padà sí ojú òkun."

Mórádékẹ́ kò wo ọkọ̀ funfun. Ẹ̀yìn ló ń wò, ó tẹ́tí. Èmi náà tẹ́tí. Ìró náà kò dúró. Ó ṣì ń wọ inú eyín.

"Olùbéèrè," ó wí, "ọkọ̀ amumi ńkọ́?"

"Ọkọ̀ amumi kì í pẹja. Omi ni ó ń mu. Òfin náà kò kàn án."

Ọmọ náà yíjú padà sí mi. "Ìyá," ó wí, "mi ò mọ̀. Mo fi ohun tí mo kà búra fún yín, mi ò mọ̀."

Mo ti la ẹnu láti bú u. Èébú náà ti pé, ó ní bàbá nínú, ó ní ìyá nínú. Ojú rẹ̀ ni mo wò tí mo fi gbé e mì. "Sunkún nígbà tó bá yá," mo wí. "Àwọn abiyamọ inú àpò yìí, tí wọ́n bá dà wọ́n síbí, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Àwọn ọkọ̀ amumi á fà wọ́n wọlé kó tó di ọ̀la."

"Tí wọn ò bá dà wọ́n síbí?"

Ó wo ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àgbá omi iyọ̀ kan wà nílé ìwádìí wa, kò jìnnà sí Ilé Òkè. Tí wọ́n bá débẹ̀ láàyè, ẹyin wọn á pa. Ṣùgbọ́n wọ́n á tú ẹrù mi, Ìyá. Èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ tú."

"Ta ló ń sọ ti ẹrù rẹ?"

Mo tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá bàtà, mo fa àpò náà jáde lábẹ́ pátákó. Mo tú ìró, mo gbé e lé ikùn mi lábẹ́ bùbá, mo fi ọ̀já gbá a mọ́ra, mo tún ìró ró lé e. Ó tutù wọ̀ mí dé ẹ̀yìn. Ikùn mi tó ti ṣubú láti ọdún gbọgbọrọ dìde, ó dúró.

Eyínafẹ́ rí gbogbo rẹ̀. Ó wo ikùn mi, ó wo ojú mi, ó dé fìlà rẹ̀ padà.

"Ìyàwó," ó wí jẹ́jẹ́, "ta ló ni ín?"

"Ìwọ ni n ó dárúkọ."

Eyín kan ṣoṣo náà yọ, ó tún wọlé. Ó wa àjẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì bá mi lọ.

Wọ́n gba àwọ̀n lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tú ẹrù Mórádékẹ́ dé ìsàlẹ̀, wọ́n gbọn aṣọ rẹ̀, wọ́n ṣí ìgò omi mímu rẹ̀ wò. Nígbà tó kàn mí, ẹ̀ṣọ́ náà, ọ̀dọ́kùnrin tí irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lágbọ̀n rẹ̀, na ọ̀pá sí ikùn mi.

"Kí lẹ dì síbẹ̀, màmá?"

"Ẹ̀bà àná ni, ọmọ mi. Ó ti di mí nínú, kò jáde. Ṣé kí n tú ìró kí o bá mi tẹ̀ ẹ́? Tó bá yọ sí ọ lára, má bínú."

Mo gbé ọwọ́ lé kókó ìró. Ó yára yíjú, ó fi ọ̀pá júwe ìjókòó inú ọkọ̀ funfun fún mi.

Kò sí ẹni tó jókòó tì mí àfi Eyínafẹ́ àti Mórádékẹ́. Àwọn yòókù fi àyè sílẹ̀ láàárín wa, bí a ṣe ń ṣe sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ burúkú. N kò lè dá wọn lẹ́bi, n kò sì lè sọ ohun tí mo gbé mọ́ra fún wọn. Ọkọ̀ náà ṣí láìsí ẹni tó wà á. A kọjá lára àwọn ilé wa, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, adìẹ ń rìn lórí àgbá, ìkòkò ẹnì kan ṣì wà lórí iná.

"Omi inú rẹ̀," mo bi Mórádékẹ́ létí, "á gbé wọn dé ìgbà wo?"

"Ó lè gbé wọn di ọ̀la. Tí kò bá gbóná."

Ó wo ikùn mi, ó sì gbójú kúrò. Àwa méjèèjì mọ bí ara mi ṣe rí. Nígbà ọyẹ́, àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa jà sí ẹ̀gbẹ́ mi nítorí ooru rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára pé àpò náà ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo sún títí mo fi kan etí ọkọ̀, mo tẹ ikùn mọ́ irin níbi tí omi ti ń tutù ú láti ìta, mo sì ń mí díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ wò mí. Mo kérora bí ẹni tí inú ń run, mo sì dúró bẹ́ẹ̀.

Kò sí ohun tó mì nínú àpò náà. A wọ abẹ́ afárá dúdú tí ọ̀nà Ilé Òkè ń gbà kọjá, ìmọ́lẹ̀ tán, n kò rí ọwọ́ ara mi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé ibẹ̀, mo dúró. Mórádékẹ́ náà na ọwọ́ tirẹ̀, ó gbé e lé tèmi. A ò mí.

Lẹ́yìn náà, nínú òkùnkùn yẹn, ohun kékeré kan ta mí nídodo.